Àwọn Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Yá Wá sí Ẹ̀ka Wa

Màámi, ìyá tèmi,

Ẹ má bínú pé ó ti pẹ́ tí mo ti bá yín sọ̀rọ̀. Inú ló ń bí mi, kò sì sí ẹni tí mo lè bínú lójú rẹ̀ tí kò ní sọ pé kí n fara balẹ̀. Ẹ̀yin náà ì bá sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń jẹ́ kí n rojọ́ tán ná, ẹ ó kàn máa fi etí ìborùn yín nu awò ojú yín, ẹ ó máa nù ún títí n ó fi dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ pólì wa ni. Ìjọba ní àwọn fẹ́ tún ilé ẹ̀kọ́ gíga orílẹ̀-èdè yìí ṣe, kí ìwé ẹ̀rí wa lè bá ti ilẹ̀ òkèèrè dọ́gba. Màámi, èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Mo ti rí ọmọ tí mo kọ́ níbí tó dé ọ̀hún tí wọ́n ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ètò tuntun náà ní kí olùkọ́ má kàn máa wo ohun tí òun ti sọ ní kíláàsì mọ́, ohun tí ọmọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni kó máa wò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ nígbà náà (ẹ ò dúró gbọ́ ìyẹn), gbogbo ìgbà òjò ni mo sì fi jókòó tún ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa kọ.

Ṣùgbọ́n láàbù wa ńkọ́? Ẹ rántí ẹ̀rọ tí mo máa ń ráhùn lé lórí, èyí tí wọ́n fi ń mọ ohun tó wà nínú omi tàbí òróró, bóyá ó dára fún ẹnu? Ó ti kú kí ẹ tó kú. Láti ìgbà yẹn, ojú pátákó ni mo ti ń yà á fún wọn. Mo ya bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n kọ́ bọ́tìnnì náà sórí, wọ́n gba máàkì tó dáa, wọ́n sì jáde lọ wá iṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ bisikíìtì àti ilé iṣẹ́ omi tó wà káàkiri Ìsọlọ̀ yìí. Ta là ń tàn jẹ, Màámi?

Bí a ṣe gbọ́ pé àwọn olùyẹ̀wò tí yóò sọ bóyá a yẹ lẹ́ni tó ń gba ọmọ ń bọ̀ láti Àbújá, ọ̀gá àgbà wa ní kí wọ́n kun ilé, kí wọ́n gbin òdòdó, kí wọ́n so kọ́tìnnì tuntun. Lẹ́yìn náà ni mo dé láàbù lọ́jọ́ kan, mo bá àwọn ẹ̀rọ tó ń dán lórí tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Fálolú, tí a jọ ń kọ́ni, ń fi bíléèdì ha orúkọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kúrò lára wọn.

“Fálolú, kí lò ń ṣe?”

“Ẹ̀gbọ́n, mò ń sọ ọ́ di tiwa ni. A yá a lọ́wọ́ àwọn ará apá Òṣòdì yẹn. Pákéèjì ni, ká lè gbayì lójú wọn, jàre.”

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó ní, “Màdáàmù, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ti ẹ̀ka yín pa ni? Ẹ jẹ́ ká kọjá ná, a ó wá ra tiwa.” Mo ní láti ìgbà wo la ti ń sọ pé a ó wá rà? Ó kọjú sí fóònù rẹ̀.

Mo jáde, mo jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀. Tí a bá fìdí rẹmi, kò ní sí ọmọ tuntun, tí kò bá sì sí ọmọ tuntun, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lè di ẹni tó jókòó sílé. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ sílé ní Àgọ́ Palace lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin ni mò ń bá jiyàn. Mo ń gbọ́ ohùn yín: ṣe jẹ́jẹ́, ọmọ mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ì bá wí lóòótọ́? Àbí èmi ni mo ń fi ohùn yín bo ẹ̀rù tèmi?

Àwọn olùyẹ̀wò dé. Prófẹ̀sọ̀ kan, ìyá àgbàlagbà, ló wọ láàbù wa. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó yíjú sí Mọ́nsúrátù, ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn, ó ní, “Ọmọ mi, bá mi tan ẹ̀rọ yìí, kí o fi yẹ omi inú ife yìí wò.”

Mọ́nsúrátù káwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́tìnnì bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó kà á geere. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kì í ṣe irú èyí tí mo máa ń yà sójú pátákó. Nígbà tí ó wá na ọwọ́ láti tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rù ló ń bà á, mà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó.”

Ni ọmọ náà bá sorí kọ́, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Màámi, ibẹ̀ ni mi ò ti lè gbà á mọ́.

“Mà, kò lò ó rí,” ni mo wí. “Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lò ó rí. A yá a ni.”

Ẹ má pè é ní ìgboyà o. Ó ti sú mi ni.

Àwọn olùyẹ̀wò ní a kò gbọ́dọ̀ gba ọmọ tuntun títí a ó fi ní láàbù tó péye. Ọ̀gá àgbà yọ mí nípò, Fálolú ni olórí ẹ̀ka báyìí. Wọn kì í kí mi dáadáa mọ́ ní ọ́fíìsì. Akẹgbẹ́ mi obìnrin kan ní tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òun, ilé mi lòun máa kó àwọn ọmọ òun wá.

Mo dìde lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó yá wa ní ẹ̀rọ. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń bójú tó láàbù wọn. Bó ṣe rí mi ló ní, “Ẹ tún fẹ́ wá kó ẹ̀rọ?”

“Rárá o, mà. Àwọn ọmọ ni mo fẹ́ kó wá bá a.”

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó ń lò ó lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo akitiyan tí a ṣe láti gbé ẹ̀rọ wá, kí ló dé tí kò sí ẹni tó ronú irú èyí nínú wa, èmi pẹ̀lú?

Gbogbo Sátidé là ń lọ báyìí. Mọ́nsúrátù kọ́kọ́ ba iṣẹ́ jẹ́, ó tún bà á jẹ́, kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀gá àgbà wa gbọ́, inú rẹ̀ sì dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ! Ó ní ohun tí àgbáyé ń ṣe nìyẹn, pé òun ti ní in lọ́kàn tipẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti Fálolú mú ayàwòrán dé síbẹ̀, wọ́n gbé bánà dání. Mo fẹ́ pariwo, Màámi. Mo kàn fara ti ògiri.

Ayàwòrán ní kí Mọ́nsúrátù gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ, kó wo kámẹ́rà, kó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ dúró ná, sà,” ni ọmọ náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Mò ń lò ó lọ́wọ́.”

Gbogbo wọn sì dúró.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà kẹ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín tí inú ń bí, tí àárò yín ò jẹ́ kó gbádùn.