Ìrẹsì Yín Ni Àmíbà Náà Jẹ

Múṣin, Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 1977.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Kúlúsúmù,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nínú àlàáfíà, kí ẹ̀yìn tó ń dùn yín sì ti fúyẹ́. Ara tèmi le, Alihamudulilahi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀nà ọ̀fun mi lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Ìbínú ló ń ṣe mí, kì í ṣe àìsàn.

Bàbá wọ rélùwéè láti Ìfọ̀ wá wò mí lọ́jọ́ Àìkú. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín fún mi: pé wolé-wolé wá sí iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàfò, ó da ìkòkò ìrẹsì ọ̀fàdà yín sílẹ̀ lójú àwọn ọmọ tí ẹ ń tà á fún, ó ní oúnjẹ yín ló ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹ ò sì gbọdọ̀ dáná títà mọ́. Ìyá Bùrẹ́ímọ̀, tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ya ẹ̀jẹ̀, tú gèlè, ó pè yín ní apọmọjẹ. Bàbá ní ẹ kàn ṣa ewé tí ẹ fi ń pọ́n ìrẹsì jọ, ẹ gbé ìkòkò òfìfo karí, ẹ lọ sílé. Mo ní láti yíjú sí ògiri. Ọwọ́ tó ń pọ́n ìrẹsì yẹn ló ń fún mi jẹ láti ìgbà tí Màmá ti kú, inú kò sì run mí rí. Ó ti lé lóṣù kan tí èyí ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ní kí wọ́n má sọ fún mi, kí n lè gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ mi.

Bàbá wá wò mí lójú. Wọ́n ní, "Mùsáfírù, ìwé tí wolé-wolé nà sókè, ó ní ilé ẹ̀kọ́ yín ló ti wá. Ṣé ibi tí mo fi ẹ́ sí nìyẹn?" Òótọ́ ni, Àǹtí mi. Ibí ló ti wá, mo sì mọ bó ṣe wá. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn.

Ẹ rántí pé nígbà tí òjò ń parí lọ, tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀jẹ̀, dókítà ìjọba gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ wọn ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò wa. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà, mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú sí maikirosíkóòpù. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí, olùkọ́ tó ń darí yàrá náà, pè wá ká wá wò ó níkọ̀ọ̀kan. Mo rí ẹ̀dá kan tó ń wọ́ lọ bí ìgbín tí kò ní ìkarahun. Àmíbà ni orúkọ rẹ̀, inú ìfun èèyàn ló ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó gbé mì hàn nínú rẹ̀, róbótó-róbótó. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Èyí tó bá ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì báyìí, ìkà ni." Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sin wọ́n nínú ìgò, bí èèyàn ṣe ń sin adìẹ. Ẹ ó rẹ́rìn-ín: ìyẹ̀fun ìrẹsì ni oúnjẹ wọn. A ó bù ú sínú ìgò, a ó gbé ìgò náà sínú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ikùn èèyàn, bí oúnjẹ bá sì tán, a ó fa díẹ̀ nínú wọn sínú ìgò mìíràn. Nígbà tí ìyẹ̀fun yàrá náà tán, tí wọn ò tíì ra òmíràn, wọ́n béèrè ta ló ní ìrẹsì nílé. Mo mú nínú èyí tí ẹ dì fún mi, mo lọ̀ ọ́ kúnná. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní ìrẹsì Àǹtí mi ti wọ yunifásítì, ẹ̀yin gan-an ló kù.

Àmíbà nìkan kọ́ ló wà nínú ìgò. Oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n jọ ń gbé nínú ìfun bá a wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ kí àmíbà wọn mọ́. Wọ́n ń da oògùn sí i díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo kòkòrò yòókù fi kú, tó ku àmíbà nìkan. Wọ́n fi ń yangàn. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ni wọ́n ń gbé ìgò náà hàn. Ìgbà tí a ti ìsinmi Kérésìmesì dé, tí ọyẹ́ ń mú, ni wọ́n tó rántí pé àwọn kan ń retí èsì. Wọ́n fa àmíbà mímọ́ yẹn sínú ìfun àwọn ọmọ eku funfun. Àwọn eku ń jẹun, wọ́n ń ṣeré. Ni wọ́n bá kọ̀wé: àmíbà yìí kò lóró.

Ẹ̀yin mọ ẹni tó ń retí èsì. Kọ́ńpìnnì tó ń la ọ̀nà ńlá ni. Ṣáláńgá àwọn òṣìṣẹ́ wọn, lọ́nà Mówè, wà lókè kànga ìlú, òjò kì í rọ̀ kí omi ibẹ̀ má ṣàn wálẹ̀. Bí àmíbà bá lóró, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ṣáláńgá kúrò, kí wọ́n sì gbẹ́ kànga mìíràn fún ìlú. Bí kò bá lóró, a jẹ́ pé kì í ṣe omi kànga ló ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹlòmíràn ló jẹ̀bi. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rí obìnrin tó ń ta ìrẹsì.

Èyí tó wá dùn mí jù nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí kan náà dúró níwájú pátákó, wọ́n kọ́ wa pé àmíbà tó bá pẹ́ nínú ìgò máa ń pàdánù oró rẹ̀, pàápàá bí a bá pa àwọn kòkòrò tó ń bá a gbé. Wọ́n ní bí a bá mú irú rẹ̀ gba inú ẹ̀dọ̀ ẹranko kọjá léraléra, oró náà lè padà. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, kálámù mi sì dúró. Mo wò yíká bóyá ẹlòmíràn gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Gbogbo wọn ń kọ̀wé lọ.

Mo sọ fún Ládi, tí a jọ ń gbé yàrá. Ó ní, "Dókítà Ìbàfò, o ò tíì yege ìdánwò kan ṣoṣo, o fẹ́ lọ máàkì iṣẹ́ olùkọ́. Ó dáa, jẹ́ kí wọ́n lé ẹ. Èmi ni mo ni bẹ́ẹ̀dì ẹ." Mo bi ara mi bóyá òótọ́ ló sọ. Ta ni mí? Mo fìdí rẹmi nínú kẹ́místírì, ìgò sì ti bọ́ fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lójú gbogbo kíláàsì. Ó lè jẹ́ pé ohun kan wà tí àwọn àgbà mọ̀ tí kò yé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rò ó débẹ̀, ìkòkò òfìfo yẹn a tún yọ sí mi lójú.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí ní yàrá àyẹ̀wò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, àmíbà tí ẹ fún àwọn eku, ṣé bó ṣe rí lọ́jọ́ tó dé láti Ìbàfò náà ló ṣe rí?" Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Ohun tí mo rí lára eku ni mo kọ. Àbí kí n kọ ohun tí mi ò rí?" Mo ní, "Rárá, sà. Ṣùgbọ́n tinú ìgò la yẹ̀ wò, a ò yẹ tinú ọmọ wò." Ohùn wọn le. "Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo ìyẹn?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Wọ́n gbé awò ojú wọn padà sójú. Wọ́n ní, "Ìwé yẹn ti kúrò lọ́wọ́ mi." Àfi bí ẹni pé ìwé ní ẹsẹ̀, Àǹtí mi. Mo sọ ohun tí wolé-wolé fi ìwé náà ṣe fún wọn. Mo rí i lójú wọn pé wọn ò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Èmi ò dárúkọ oúnjẹ." Òótọ́ ni, wọn ò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ ni, àwọn kan sì kọ orúkọ yín síbẹ̀. Ìbá rọ̀ mí lọ́rùn bí wọ́n bá jẹ́ èèyàn burúkú. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ràn ìgò mímọ́ wọn débi tí wọ́n fi gbàgbé àwọn ọmọ tí ohun inú rẹ̀ ti ara wọn wá.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó pè mí padà. Wọ́n ní bí a bá gbé ọmọ tó ń ya ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ wá láàárọ̀, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, àwọn á sì fa àmíbà rẹ̀ fún eku bó ṣe wà, láìda oògùn kankan sí i. Ohun tí àwọn bá rí, àwọn á kọ ọ́, àwọn á sì fi orúkọ ara àwọn sọ pé ti àkọ́kọ́ kò tọ̀nà. Ọmọ náà á sì gba ìtọ́jú, torí oògùn wà.

Bàbá ní Bùrẹ́ímọ̀ tún ti dùbúlẹ̀, ó ń ya ẹ̀jẹ̀. Ẹ bá mi rò ó. Ó ti lé lóṣù kan tí ẹ ò ti dáná títà, ta ló wá ń fún Bùrẹ́ímọ̀ ní ìrẹsì? Kànga kan náà ni wọ́n ṣì ń fà. Ojú wolé-wolé ń rí èyí lójoojúmọ́, kò sì mú un ronú. Ṣùgbọ́n ìbínú mi kò lè gbé ọmọ wá sí Èkó. Ẹ̀yin lẹ lè lọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó tú gèlè bú yín ni mo ní kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo kọ gbólóhùn yẹn, mo fà á rẹ́, mo tún un kọ. Ẹ ní kó pọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ jọ wọkọ̀. Ẹ má bi í léèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí ó bá ní òun ò fẹ́ rí yín, ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí a ní, àti pé ẹlẹ́rìí náà lè kú bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Nígbà tí mò ń sunkún pé mi ò fẹ́ wá sí Èkó, ẹ ní, "Lọ. Bí o bá rí ohun tí àwa ò lè rí, kí o wá sọ fún wa." Mo ti rí i. Mò ń sọ fún yín.

Kí Ọlọ́run wẹ orúkọ yín mọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ ò ṣe. Kí iná ìdáná yín tún jó, kí àwọn ọmọ tún tò níwájú yín. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ, ìyá kankan ní Ìbàfò kò sì ní fi ojú sunkún ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ìrẹsì tọ́ dàgbà,
Mùsáfírù Lásúnkànmí.

Mo tún rántí: ẹ jẹ́ kí gbogbo omi mímu hó dáadáa, kí ẹ sì sọ fún Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ bẹ́ẹ̀. Ládi ti ní òun á bá mi dúró dè yín ní ibùdókọ̀ láràárọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀dì náà ò tíì tó jogún. Ìrẹsì yín kù díẹ̀ nínú àpò mi. Mo ti fi pamọ́ fún ẹ̀yin àti Ìyá Bùrẹ́ímọ̀, kí ẹ jọ jẹ ẹ́ bí ẹ bá dé. Àmíbà kankan kò ní jẹ nínú rẹ̀ mọ́.