Ọ́ìlì Tí Bàbá Rà

Ọjọ́ Ajé, 4 Ẹbìbí

Mi ò tíì pa iná Orogún tí Bàbá ti sọ̀rọ̀ láti ibi ìjókòó wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ọ́ìlì inú ẹ̀ ti gbó, ohùn ẹ̀ ti ń ha. Etí Bàbá! Iṣẹ́ tí ojú wọn ò lè ṣe mọ́, etí ti gbà á ṣe.

Orogún ni alùpùpù wa. Màmá ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ní bí Bàbá ṣe ń fi sùúrù nù ún láràárọ̀, àwọn tí àwọn jẹ́ ìyálé ò rí irú ẹ̀ gbà rí. Nígbà tí ojú Bàbá ṣú tán, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ kí n máa fi lọ wẹ egbò fún àwọn aláìsàn nílé wọn. “Ìwọ á máa gùn ún, èmi á máa bọ́ ọ.” Àdéhùn wa nìyẹn. Bẹntiróòlù tèmi, ọ́ìlì tiwọn. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ lọ rà á. Àwọn nìkan, wọn ò fẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìṣẹ́gun, 5

Wọ́n lọ lóòótọ́. Màmá fẹ́ dì wọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n já ọwọ́ gbà. Ọ̀pá ni wọ́n fi wá ọ̀nà dé ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀, tó wà ní ìkángun àdúgbò, wọ́n sì tẹ̀rín-tẹ̀rín padà wálé. Ike aláwọ̀ wúrà kan. Ó wúwo, ó ń dán. Wọ́n ní àwọn sọ fún ọlọ́jà pé èyí tó dáa jù ni kó gbé wá, àwọn ò fẹ́ jákujàku.

Mo gbà á. Mọ́tò ni wọ́n yà sára ẹ̀. Mọ́tò gbọọrọ, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Mo yí ike yẹn síwá, mo yí i sẹ́yìn — kò sí alùpùpù níbì kankan.

“Àbí òun kọ́ nìyẹn?” Ojú wọn ń tàn bíi ti ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó jẹ́ ẹ bó ṣe yẹ. Mo ní, “Òun ni, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an.”

Ọ́ìlì ṣáà ni ọ́ìlì. Àbí?

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo pààrọ̀ ọ́ìlì. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ kó lè ṣàn dáadáa. Abọ́ lábẹ́, sípánà, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ — ó tú jáde, dúdú minimini. Bàbá jókòó tì mí lórí àpótí, wọ́n ń tọ́ mi sọ́nà bí ẹni tó ń rí gbogbo ẹ̀. Mo rọ tuntun sí i. Wọ́n ní kí n gbé dúdú yẹn lọ dà sídìí ọgbà, kí ikán má jẹ igi ọgbà. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn.

Mo gbé abọ́ débẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti le, koríko gan-an ti sá fún un. Kànga wa ò sì jìnnà síbẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Mo fi àrọ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, mo dé e, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi.

“O ti dà á?” “Mo ti dà á, Bàbá.”

Irọ́ kejì. Irọ́ tiẹ̀ ń yọ̀ jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé ọ́ìlì ni mo fi pa á lára.

Àbámẹ́ta, 9

Mi ò jáde. Orogún náà ò jáde. Bàbá nù ún títí.

Ajé, 11

Òkè tó lọ sílé Télọ̀ Àgbà, aláìsàn mi tí egbò ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì jiná. Mo fún Orogún níná. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, táyà ò kánjú. Mo tún fún un — ariwo ṣáá. Ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere rọra kọjá mi, ó ní, “Ẹ kú ìnira o, nọ́ọ̀sì.” Ojú tì mí.

Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú géètì, bákan náà ló ṣe. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kí mi káàbọ̀. Mo mí kanlẹ̀.

Ọjọ́rú, 13

Ọ̀dọ̀ mekáníìkì. Oníwàásù ni mò ń pè é níbí, torí kò lè tú nọ́ọ̀tì kan láìwàásù sí i. Mo ti gbà pé kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà, ló jẹ tán. Ó ní rárá o, oúnjẹ ẹlòmíì la fún un jẹ. Ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Nínú mọ́tò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ò dé ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ti alùpùpù, inú ọ́ìlì kan náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń wẹ̀. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ti mọ́tò kó lè máa yọ̀ dáadáa, òun ni kì í jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì tiwa dì mú. Tí mo bá ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á jóná pátápátá.

“Ta ló rà á?” Mo ní, “Èmi ni.”

Mo sọ fún un pé ọ́ìlì dúdú àtijọ́ wà nílé. Ó ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ tí mo bá ń bọ̀ wá pààrọ̀ eléyìí, kí n má ṣe pò ó mọ́ omi tàbí bẹntiróòlù. Dúrọ́ọ̀mù kan wà tó ń dà á sí. Àwọn kan máa ń wá gbé e, wọ́n á lọ sẹ́ ẹ kó tún lè wúlò.

Ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn lójú ọ̀nà: kí n ra èyí tó tọ́, kí n dà á sínú ike aláwọ̀ wúrà, kí n gbé e wálé. Bàbá ò ní mọ̀. Mo tiẹ̀ dá rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 15

Òjò ńlá. Èmi àti Màmá dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná. Omi ń ṣàn bọ̀ láti ìdí ọgbà, àwọ̀ aláràbarà bíi ti ọ́ìlì ń dán lójú ẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá. A wo ara wa. Màmá ní omi kànga yẹn ti ń run nǹkan kan láti bí ọjọ́ mélòó kan, àwọn rò pé imú àwọn ni.

Mo ní ká sọ fún Bàbá. Màmá ní rárá. “Kí wọ́n wá máa rò pé àwọn ló ń ba omi jẹ́ fún wa? Fi wọ́n sílẹ̀, jàre. Èyí tí ojú wọn ń rí tó wọn.”

Ata ìdí ọgbà ńkọ́? Ata yẹn ti kú tipẹ́. Inú àwọn abọ́ fífọ́ ẹ̀yìnkùlé ni Màmá ń gbin tiwọn sí. Síbẹ̀ láràárọ̀ ni Bàbá ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà débẹ̀ lọ kí ata. “Ṣé ó ń ṣe dáadáa?” Màmá á ní, “Ó pọ́n rẹ́rẹ́.” Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọn ti já, a ní ó gún régé. Ọ̀dà géètì ti ń ṣí, a ní ó ń dán.

Télọ̀ Àgbà, tí egbò ẹ̀ bá ń run, mo máa ń wo ojú ẹ̀ sọ fún un. Nílé yìí, ahọ́n mi ti ya ọ̀lẹ. Àánú ló fà á. Mo ti ń kórìíra àánú yẹn.

Àìkú, 17

Mo sọ fún Bàbá.

Wọ́n ń kun bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọ́ìlì mọ́tò ni wọ́n rà, mo rí i lọ́jọ́ náà, mo dákẹ́. Ọwọ́ wọn ò dúró lára bàtà. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti Ajé tó kọjá, nígbà tí mò ń gun iwájú géètì bọ̀: ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ń lọ́ra. Èwo ni àwọn ò mọ̀ nínú ohùn Orogún?

Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi sọ̀rọ̀.

“Mò ń dúró dè ọ́ ni.”

Wọ́n gbé bàtà sílẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí ojú àwọn ti ṣú, gbogbo nǹkan ló kàn ń dára nílé yìí. Aṣọ dára. Géètì dára. “Ilé ta ni gbogbo nǹkan ti ń dára bẹ́ẹ̀? Inú ilé tí kò sí lẹ kó mi sí. Òkùnkùn ojú mi tó mi, ẹ má fi tiyín kún un.”

Mo sunkún jẹ́jẹ́ kí wọ́n má baà gbọ́. Wọ́n gbọ́. Etí yẹn.

“Kí ló kù?” Mo kà á tán fún wọn: kọ́là, géètì, kẹ́ẹ̀gì ẹ̀yìn àgbá, omi tó ń lọ sí kànga. Ata.

“Ata tí mò ń kí láràárọ̀?” “Ó ti kú, Bàbá.” “Láti ìgbà wo?”

Màmá ló dáhùn láti inú pálọ̀: “Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń fún un lọ́ìlì mu.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n fọwọ́ wá ọ̀pá wọn, wọ́n dìde. Wọ́n ní kí a dé kànga, kí ẹnikẹ́ni má fa omi ẹ̀ mọ́ títí a ó fi rí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ohùn wọn rọ̀. Ó dùn wọ́n, mo mọ̀.

Ajé, 18

Wọn ò gbà kí n dá lọ sọ́dọ̀ Oníwàásù. Àwọn ló ra ọ́ìlì, àwọn náà ló máa bá a débẹ̀. Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn jíjá, wọ́n wọ òmíràn. Wọ́n jókòó sẹ́yìn mi — Bàbá, tí kò jókòó sẹ́yìn ẹnì kankan rí lórí Orogún. Kẹ́ẹ̀gì wà lórí itan wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kan dì í mú, wọ́n fi ìkejì di ẹ̀wù mi mú. A rọra lọ.

Oníwàásù tú ọ́ìlì mọ́tò dànù sínú dúrọ́ọ̀mù. Bàbá fúnra wọn ló da ti inú kẹ́ẹ̀gì lé e. Ó wá gbé ike tuntun wá. Bàbá fọwọ́ pa á lára. “Kí ni wọ́n yà síbẹ̀?” “Alùpùpù ni.” “Wò ó dáadáa.” “Alùpùpù ni, Bàbá.” “Ó dáa. Rọ ọ́ sí i.”

Ìgbà tí à ń bọ̀, Orogún gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé bí ẹni tí ara tù. Mo dúró. Bàbá ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, “Kí lo rí?”

Mo wo ilé wa dáadáa kí n tó dáhùn. Mo ní ọ̀dà géètì ti ṣí, ìpẹtà ti mú un nísàlẹ̀. Mo ní ìdí ọgbà dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ewé kan níbẹ̀. Mo ní Màmá ti gbé páànù dé kànga, wọ́n fi òkúta lé e.

Bàbá tẹ́tí sí gbogbo ẹ̀. Wọ́n wá na ẹsẹ̀ wálẹ̀.

“Ẹ̀ẹ́n. Mo ti délé.”