Ajísààrì Inú Àyà

Sabon Gari, Zaria,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Ramlah ọmọ mi,

Àsàláámù àlékun. Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Mo gbọ́ pé omi yín tún kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run tó dá a dúró níta yóò máa dá gbogbo aburú dúró níta fún ọ. Àwa náà wà bí o ṣe fi wá sílẹ̀, àfi ewúrẹ́ ìyá rẹ tó bí ìbejì, ìyá rẹ sì ti sọ ọ̀kan ní Dókítà nítorí pé kì í jẹ́ kí èèyàn jẹ iyọ̀ lálàáfíà.

Ní ti èmi, wọ́n ṣì ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù nítorí kíndìnrín. Ìyá rẹ ti ròyìn ọ̀rọ̀ ọṣẹ fún ọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní wọ́n fẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀ mi, ọṣẹ dúdú tó ti Ìlọrin wá ni mo dì sínú ọ̀rá lọ, mo sì bẹ nọ́ọ̀sì pé kó dákun, kó má fi búlúù sí tèmi, torí aṣọ tí wọ́n bá fi búlúù sí máa ń yún mi. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní Baba, za mu kula, àwọn á ṣọ́ra. Ọmọ dáadáa. Títí di òní, wọn ò fi búlúù sí i.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé gan-an ni ẹ̀rọ àyà tí o fẹ́ ta mọ́tò rẹ rà fún mi, torí wọ́n ní ọkàn mi ti rẹ̀, ó lè dúró lójijì. O ní kékeré ni, wọn á rì í sábẹ́ awọ àyà, wọn á na wáyà rẹ̀ gba inú iṣan dé ọkàn, tí ọkàn bá wá ń gbọ̀n lásán tí kò ṣiṣẹ́, á fi iná ta á jí. Bí o ṣe ń sọ ọ́ lórí fóònù ni inú mi ń dùn. Mo ní háà, ajísààrì ni! Wọ́n ti rí ajísààrì tó lè gbé inú àyà èèyàn.

O rántí iṣẹ́ wa. Kí fóònù tó dé, ta ló ń jí àdúgbò yìí fún sààrì lóṣù ààwẹ̀? Èmi ni, pẹ̀lú garawa kan àti igi kan. Ìwọ lò ń tan tọ́ọ̀ṣì níwájú, ìbòrí rẹ ń wọ́lẹ̀, ohùn rẹ ga ju tèmi lọ. Àwọn ará Ọ̀yọ́ á dáhùn láti inú ilé pé a ti jí o, àwọn Hausa á ní mun tashi, òórùn kókó gbígbóná àti àkàrà kòsáì á ti máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ìyá Adéìfẹ́ tó jẹ́ onígbàgbọ́ á ní kí a jẹ́ kí òun sùn, òun ò gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ tí a wá fò ó, ó wá bá wa jà láàárọ̀, ó ní kí lòun ṣe. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ta ní ń jí ajísààrì. Mi ò sọ fún wọn rí. Ìyá rẹ ni. Ẹsẹ̀ ló fi ń ta mí.

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí i nígbà tó gbọ́ nípa ẹ̀rọ yìí. Ó ní ta ló fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ẹsẹ̀ òun ò tíì rọ. Lẹ́yìn náà ló rò ó pé iná tó bá ta mí lè ta òun náà, ló bá ń wọ sílípáàsì rọ́bà sùn. Mo ní wọn ò tíì fi nǹkan kan sí mi lára. Ó ní òun ń kọ́ ọ sílẹ̀ ni.

Mo wá kó ìbéèrè lọ bá Dókítà Motọ́lání, ọmọ Yorùbá bíi tiwa tó ń tọ́jú ọkàn mi. Mo ní ṣé ẹ̀rọ náà gbọ́ Hausa, torí ibí ni ọkàn mi ti dàgbà. Mo ní tó bá ta mí lórí ìforíkanlẹ̀ ńkọ́, ṣé àlùwàlá mi ti bàjẹ́? Ó ní kí n bi Lèmọ́mù. Kò rẹ́rìn-ín o. Ó fa àga sún mọ́ mi. Ó ní ẹ̀rọ yìí máa ń gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là, ṣùgbọ́n wọ́n ti dán an wò lára irú àwa tí à ń fọ ẹ̀jẹ̀, ikú òjijì àwọn tó ní i àti àwọn tí kò ní i kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó ní lọ́pọ̀ ìgbà, ọkàn tiwa kì í gbọ̀n, ó kàn ń falẹ̀ títí á fi dákẹ́, èyí kì í sì í jí bí iná bá ta á. Wáyà náà tún lè kó àìsàn wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ara mi ni, ohun tí mo bá fẹ́ lòun á ṣe, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bàbá òun ni, kó má pa ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ jẹ, kó má mu omi jù, lòun á máa jà fún.

Mo ní tí ọkàn bá kọ̀ tí kò jí ńkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ̀rọ náà á kàn án kó tó lọ? Ó ní ó lè ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ dáadáa.

Ramlah, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ajísààrì. Kò mọ òfin. Ẹnu ọ̀nà Ìyá Adéìfẹ́ ni mo ti kọ́ ọ: ẹ̀ẹ̀mẹta là ń kànlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà a ó kí ilé, a ó sì lọ sí ilé tó kàn, a kì í bá ẹni tó ń sùn jà.

Mi ò fẹ́ ẹ. Má ta mọ́tò. Mo mọ̀ pé wàá sunkún, wàá ní bàbá rẹ ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Rárá o. Mi ò pa ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ kankan jẹ, ìyá rẹ sì ń fi ife kékeré wọn omi fún mi bí ẹni ń ta òróró.

Ọkùnrin tó ń pe ìrun nínú fóònù ìyá rẹ ló ń jí àdúgbò báyìí. Kì í gbàgbé, ohùn rẹ̀ dùn, mo sì máa ń ṣàdúà fún un, torí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni fún un ní kókó rí. Ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ẹnì kankan.

Owó tí mo ń tọrọ kò pọ̀: ti kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù, ti oúnjẹ aláìní tí Lèmọ́mù ní kí n máa fún èèyàn dípò ààwẹ̀ tí dókítà ò jẹ́ kí n gbà, àti ti sílípáàsì tuntun. Má fi ránṣẹ́ o. Lọ́jọ́sí mo ní kí ọmọ tó ní POS jẹ́ kí n rí owó mi kí n kí i, ó ní ó wà ní báǹkì. Mo dé báǹkì, wọ́n ní ó wà nínú fóònù. Owó tí kì í gbélé! Gbé e sínú mọ́tò rẹ, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá, kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Garawa wa ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní sààrì àkọ́kọ́, wá sójú fèrèsé mi, kàn án, kí o pè mí. Tí mo bá dáhùn, a ó jọ jókòó, ìwọ pẹ̀lú kókó, èmi pẹ̀lú ife kékeré mi. Tí o bá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta tí mi ò dáhùn, o mọ òfin wa, ọmọ mi. Kí ilé, kí o lọ sí ilé tó kàn.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o sùn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulganiyu Ajísààrì.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹsẹ̀ òun ṣì ń ṣiṣẹ́.