Lafiya Kì Í Ṣe Nọ́ńbà

Barnawa, Kaduna.
Sátidé, 19 Oṣù Kọkànlá, 2022.

Ganiat ọ̀wọ́n, Ìyá Ayọ̀kúnmi,

Mo kí ọ, mo kí Màmá àti gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọmọ rẹ lórí eré. Ibi tí wọ́n ti kọ́ wa ní ilé ìwé pé kí a kọ ọ́ pé àlàáfíà ni àwa náà wà, n kò ní kọ ọ́ lónìí. Abẹ́rẹ́ èéyi tí Ayọ̀kúnmi gbà ní ilé ìwòsàn Hayin Banki níbí kò lágbára. Ó gbọ́dọ̀ gba òmíràn. Èmi ni mo fà á.

O mọ iṣẹ́ mi, ìwọ tí o máa ń pè mí ní "maigadin fíríìjì". Ilé ìwòsàn mẹ́fà ni mò ń ṣọ́ fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn láti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú fíríìjì kọ̀ọ̀kan tó ń wọn òtútù ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, dátà á tán kí oṣù tó dé ìdajì. Paul, ọ̀gá mi, bá di ìròyìn náà mọ́ra bí ẹrù ìrìnàjò: bí òtútù kò bá yí padà, ẹ̀rọ á dákẹ́, kọ̀ǹpútà wa á sì fúnra rẹ̀ kọ "Lafiya", pé àlàáfíà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti kú náà a máa dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ pe àwọn nọ́ọ̀sì láràárọ̀, kí wọ́n fojú ara wọn wo tẹ̀mómítà inú fíríìjì, kí wọ́n ka nọ́ńbà fún mi, kí n fi wé ti kọ̀ǹpútà. Paul kì í yé sọ ọ́ pé, "Adùnọlá, nọ́ńbà ni kí o gbà, kì í ṣe ìkíni."

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù yìí, Jádesọ́lá ń hu eyín, ó ń ké lẹ́yìn mi. Mo pe Zuwera, nọ́ọ̀sì Hayin Banki. "Zuwera, lafiya?" Ó ní, "Lafiya lau, Maman Jádesọ́lá!" Mò ń gbọ́ ariwo àwọn ìyá tó tò sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó pa fóònù. N kò pè é padà. Kọ̀ǹpútà ní lafiya, Zuwera ní lafiya, mo bá kọ "mẹ́rin" sínú ìwé, torí pé mẹ́rin ló jẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo kọ mẹ́rin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kọ ọ́ ní Ọjọ́rú tí o gbé ọmọ rẹ lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni Zuwera bá omi nínú fíríìjì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fíríìjì àti ẹ̀rọ wa jọ ń lò ti jó láti ọjọ́ Àìkú. Zuwera ní òun fura pé kò tutù tó, ṣùgbọ́n òun rò pé bí nǹkan bá ṣe é, àwa tí à ń ṣọ́ ọ á ti pè. Ó gbójú lé mi, mo gbójú lé e.

Paul ṣí ìwé mi. "Ta ló rí mẹ́rin yìí?" Orúkọ Zuwera dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rí i, sà."

Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló gba abẹ́rẹ́ èéyi lọ́jọ́ náà. Èmi àti Zuwera wọ kẹ̀kẹ́ láti ojúlé dé ojúlé. Obìnrin kan, Matilda, wo Jádesọ́lá lẹ́yìn mi, ó ní, "Ìwọ náà pọn ọmọ, o wá ṣe báyìí sí tèmi?" Òògùn náà kì í ṣe májèlé o, agbára rẹ̀ ló ti lọ. Mẹ́rìndínlógún ti gba òmíràn. Tìrẹ ló kù, torí ẹ ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí láti sọ ọ́. O ní, "Adùn, lafiya?" Kí n tó lanu, o ní èéyi ti mú ọmọ méjì nínú agbo ilé yín, "Ọpẹ́lọpẹ́ abẹ́rẹ́ tí tèmi gbà!" Mo ní, "Lafiya lau." Nígbà tí mo fi máa rí ìgboyà láti sọ ọ́, fóònù rẹ kò lọ mọ́ títí di òní. Ganiat, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ló fi sọ lafiya. Èmi mọ̀.

Jọ̀ọ́, bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, gbé Ayọ̀kúnmi lọ sí ilé ìwòsàn. Fi káàdì rẹ̀ àti ìwé yìí hàn wọ́n. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n, sọ fún dókítà pé èéyi wà nílé. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ọmọ ni kí a kọ́kọ́ mójú tó.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí èéyi fo ojúlé yín dá. Kí ó dá ẹ̀mí Ayọ̀kúnmi sí, kí o gbé e padà wá bá wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan láti JSS1,
Adùnọlá.

Àfikún: Tẹ̀mómítà Jádesọ́lá ni mo dì mọ́ lẹ́tà yìí. Fi sí abíyá Ayọ̀kúnmi. Bọ̀ọ̀dá Yínúsà, awakọ̀ tó gbé e wá, ti ṣèlérí pé àwọn á dúró. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé, "Lafiya?", má tíì dá wọn lóhùn. Kọ nọ́ńbà tí o bá rí sẹ́yìn àpòòwé yìí, kí wọ́n gbé e bọ̀ fún mi.