Ọ̀dà Funfun Lára Ìrù Bàálù Yín

Bàbá mi, ẹni tí kì í gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ìka rẹ̀ kò tíì yẹ̀ wò,

Bàálù yín ti já. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí yín, àmọ́ ẹ mọ̀ pé n kì í lè yí ọ̀rọ̀ po.

Èyí tí ẹ fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn lẹ́yìnkùlé wa ní Kuje ni mò ń wí, tí ẹ ń fi rédíò tí ẹnjiníà òyìnbó ibi iṣẹ́ yín fi sílẹ̀ fún yín darí. Ẹ kan ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé ní Àbújá yìí. Ìyẹn nìkan lẹ kàn fún ara yín.

Màmá fẹ́ kó dára fún ìrántí ọdún kan ikú yín. Wọ́n gbé ọ̀dà funfun tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n kùn ún sí ìrù rẹ̀, wọ́n tún un kùn. Wọ́n wá ní kí ẹni tó ń kọ pátákó lọ́jà kọ orúkọ yín sára pákó pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ìrù, èyí tó ń lọ sókè sódò. Ó rẹwà, Bàbá. Ó ń dán.

Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa lọ sí pápá. Mo fi ìka méjì mi pákó náà wò bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Kò dẹ̀ rárá. Ó gbéra, àbúrò yín ń ki oríkì yín, àwọn ìyá ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú eré ni mo gbọ́ ọ: gbírrrr, bí oyin tó há sínú agolo. Ẹ ti kọ́ mi pé bó bá ti ké báyẹn, kí n dín ẹ́ńjìnnì kù kíá. Mo dín in kù. Ọwọ́ mi ò falẹ̀. Àmọ́ ìrù ti já, ó ń fò bọ̀ lẹ́yìn bí ewé, ìyókù sì forí sọlẹ̀.

Máláàmù aládùúgbò wa ń fi Haúsá kí Màmá pẹ̀lẹ́, sànnu, sànnu.

Èmi ni mo ṣa á nínú koríko. Pákó tó ní orúkọ yín wúwo lọ́wọ́ mi ju gbogbo ìrù tó kù lọ. Ẹ kì í kun ibẹ̀. Imú nìkan lẹ máa ń kùn, mo sì máa ń rò pé ọ̀dà ló tán. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé bí ẹ̀yìn ibẹ̀ bá wúwo, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n ọ́n títí á fi já?

Lójú Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ ìrántí náà. Wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi etí ìró nu orúkọ yín lára pákó yẹn. Bí mo bá sọ pé ọ̀dà ló fà á, ọwọ́ wọn ló fọ́ ohun tó kù nínú iṣẹ́ yín. Bí mo bá dákẹ́, ọkọ wọn ló kọ̀ wọ́n. Èwo ni kí n fún wọn, Bàbá?

Rédíò náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń tàn án, mo máa ń ti ọ̀pá rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ ẹ lóhùn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì lè wo ojú ìyá rẹ̀.