Èmi Kọ́ Ni Mo Fọ Dísíìkì Alhaji

Agbo-ilé Onígbó,
Òkè-Orò,
Ṣakí.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 1989.

Mọ́nsúrù, ọ̀rẹ́ mi tí ó ju ìyekan lọ,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìbàdàn ọ̀hún? Bàbá ńkọ́? Màmá ńkọ́? Àwáwù àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ṣé ọ̀gá tí ò ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì ń fi sípánà lé ọ kiri? Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ètè wa sì ti ń san. Ara mi le, ẹnu mi náà ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Inú mi ni kò dára. Inú ń bí mi, Mọ́nsúrù! Ó ń bí mi débi pé bí mo bá ń jẹ iṣu, n kì í mọ̀ pé ó ti tán nínú abọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. O rántí pé nígbà tí ìwé sú mi, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Alhaji Ràsáàkì tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù táìpù lọ́nà Ìgbòho, pé kí n lọ kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, Alhaji gbé kọ̀ǹpútà kan wálé láti Kútọnu. Kì í ṣe èyí tó tóbi gbàǹgbà lórí tábìlì o. Ó ní ìdìmú. Bí o bá pa á dé, wàá rò pé àpótí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà ni. Bí wọ́n bá fẹ́ tàn án, dísíìkì pẹlẹbẹ kan tó dà bí àpòòwé dúdú ni wọ́n máa ń tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Inú dísíìkì yẹn ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí wà. Bó bá ti jí, á ké "píìì!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó sì mọ̀ pé ara rẹ̀ le.

O mọ̀ mí. Ohùn wo ni mo gbọ́ rí tí n kò lè ṣe? Kò pẹ́ tí mo fi ń fi imú ké "píìì" náà. Alhaji á kàn fi ìka kan bọ́tìnnì báyìí, èmi á ké lẹ́yìn kọ́tìnnì, Alhaji á fò sókè: "Lá ìláhà ílàl-Láhù! Kí ni mo tẹ̀?" Mo ṣe é, n kò sẹ́. Eré ni. Ta ni eré pa rí?

Àfi ìgbà tí Ẹnjiníà Ayọ̀dèjì, ẹni tó máa ń ti Ìbàdàn wá tún ẹ̀rọ náà ṣe, gbé ètò tuntun dé. Ó ní ti àtijọ́ ti gbó, pé tuntun ni ayé ń lò. Ó ní bí a bá fẹ́, a lè pa ohun tó wà lórí dísíìkì àtijọ́ rẹ́, kí a kọ òmíràn sí i. Fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn o, nítorí òun ló kù díẹ̀ kó rán mi lọ sóko. Ẹnjiníà ki tuntun bọnú ẹ̀rọ, ó wọ mọ́tò, ó padà.

Ètò tuntun kò bá wa gbé. "Píì-píì-píì-píì!" bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ kò tètè dé. Pírítà, èyí tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà, ya aláìgbọràn. A ní kó kọ orúkọ ènìyàn, ó ń kọ ipasẹ̀ adìẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ké bẹ́ẹ̀, Alhaji figbe ta: "Àmúdà, jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn!" Mọ́nsúrù, ẹnu ọ̀nà ni mo wà o, korobá omi ń bẹ lórí mi!

Ẹnjiníà tún dé, ó wò ó títí, ó mirí. Ó ní ètò tuntun náà wúwo ju agbára ẹ̀rọ wa lọ. Ó ní ògbufọ̀ kan wà láàárín kọ̀ǹpútà àti pírítà, tuntun kò sì ní ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè pírítà tiwa. Inú ti àtijọ́ ni tiwa wà. Ó ní òun yóò yọ tuntun kúrò, òun yóò dá ti àtijọ́ padà. "Ẹ mú dísíìkì àtijọ́ wá."

Alhaji mú un jáde. Háà! Gbogbo ohun tí Ẹnjiníà fi bírò kọ sára rẹ̀ ti ṣí lọ. Ara rẹ̀ ká kò bí ewé ẹ̀kọ tó pẹ́ lóòrùn. Ó ń run ọṣẹ dúdú! Ẹnìkan ti fọ̀ ọ́. Wọ́n tì í bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kàn ń lọ̀ ọ́ kùrùkùrù lásán ni.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Alhaji ní, "Ẹni tó ń fi imú ké bí kọ̀ǹpútà, kí ni kò ní í fọwọ́ ṣe?" Mo ní kí wọ́n gbé Kùránì wá kí n búra. Wọ́n ní àwọn kò ní í jẹ́ kí n fi ẹnu aláwàdà kan ìwé Ọlọ́run. Ni wọ́n bá fa kòbókò yọ. Bàbá mi dé, wọn kò bi mí ní ẹyọ ìbéèrè kan. Wọ́n ní iṣẹ́ táìpù ti tán, pé àbúrò wọn tó ń dáko iṣu ní Ìgbòho yóò wá mú mi lọ lọ́jọ́ ọjà. "Kó tó dé, máa lọ jẹ ìyà rẹ lọ́dọ̀ Alhaji."

Bí mo ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ lójú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì nìyẹn, tí mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹnjiníà fi abẹ la èèpo dísíìkì náà, ó yọ ohun tó wà nínú rẹ̀: róbótó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ bí ti obì gbígbẹ. Ó ní ọṣẹ ló lẹ̀ mọ́ ọn, pé bí òun bá fi omi mímọ́ ṣàn án, tó gbẹ, tí òun sì fi í sínú èèpo tuntun, ó lè tún sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rì í bọ omi ni ìyá Alhaji wọlé. O rántí wọn, ìyàwó olóògbé Àfáà tó kọ́ àwọn bàbá wa ní kewú. Wọ́n dúró, wọ́n húkọ́ wọn, "hùn-ùn."

"Ẹ tún ń fọ̀ ọ́ ni? Èmi ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ṣebí níṣojú mi ni ìwọ ọmọ yìí ti ní a ó pa ti àtijọ́ rẹ́ ká tó kọ òmíràn? Wàláà tí a kò fọ̀, ta ní í kọ nǹkan sí i?"

Alhaji ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni. Omi àkọ́fọ̀ rẹ̀, kí n tó fi ọṣẹ sí i, n kò dà á nù o, mo bẹ̀rù Ọlọ́run. Òun ni mo ń bù sí ẹ̀kọ mímu rẹ láràárọ̀, kí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lè wọ̀ ọ́ nínú."

O gbọ́? Bí a ti ń ṣe nílé kewú, tí a bá fọ wàláà, pátákó tí a ń kọ kewú sí, tí a ó mu omi rẹ̀ kí ẹ̀kọ́ lè dúró sórí, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá ṣe fún Alhaji. Alhaji ti fi ètò kọ̀ǹpútà mu ẹ̀kọ! Wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn. Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín. Alhaji náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìyá mi! Ìyá mi àtàtà!"

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn! Nígbà tí wọ́n rò pé èmi ni, ọ̀ràn ni, kòbókò ni. Nígbà tó di Ìyá, ẹ̀rín ni. Ọwọ́ mi ṣì wà lókè o! Kò sẹ́ni tó rántí mi. Ìgbà tí mo fi imú ké "píìì" ni Alhaji tó bojú wẹ̀yìn. "Áà, Àmúdà, o ṣì wà níbẹ̀? Dìde, ó ti tán."

Kí ló tán? Dísíìkì gbẹ, wọ́n fi í sínú èèpo tuntun, ẹ̀rọ gbà á, ó ké lẹ́ẹ̀kan. Ètò àtijọ́ padà sáàyè rẹ̀, òun àti pírítà parí ìjà. Alhaji ní àdúrà ìyá àwọn ló gbà. Àdúrà ta ni bátànì kòbókò tó wà lẹ́yìn mi?

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ sọ fún bàbá mi. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tó ti tán, ta ní í tún hú u?" Lójú tèmi, ojú ẹ̀kọ yẹn ló ń tì wọ́n.

Mo bá lọ sọ ọ́ fúnra mi. Ibẹ̀ ni mo ti kó bá ara mi, nítorí n kò mọ bí a ti ń ròyìn láìṣe ohùn olóhùn. Mo tẹ ẹ̀yìn, mo húkọ́, "hùn-ùn. Wàláà tí a kò fọ̀, ta ní í kọ nǹkan sí i?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín ṣubú. Bàbá mi ní, "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti wá kan ìyá arúgbó. Di ẹrù rẹ!" Bí mo ṣe ń ṣe é dáadáa tó ni òótọ́ mi ń di irọ́ tó. Ká ní ohùn ewúrẹ́ ni Ọlọ́run fún mi ni, wọn ì bá gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ ọjà ku ọ̀la, mo ti di ẹrù, mo jókòó lé e, àdá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Hùn-ùn," ó dún lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi kò gbójú sókè: "Àmúdà, mo ní kí o dákẹ́ ìyẹn!"

"Bàbá, èmi kọ́ o."

Ìyá Alhaji ni, pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n gbọ́ nídìí kànga pé mò ń lọ sóko. Wọn kò jókòó. "Bàbá Àmúdà, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Wàláà tí a kò fọ̀, ta ní í kọ nǹkan sí i?" Mọ́nsúrù, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀! Bàbá mi wo Ìyá, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo Ìyá. Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ ara wọn tú okùn ẹrù mi.

Ìyá yọ ìgò kan lábẹ́ ìborùn. "Èyí ló kù nínú omi náà. Ràsáàkì ní òun kò mu mọ́. Mu ún, ọmọ mi, má bá mi bínú." Ṣé kí n kọ̀ ni? Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà á, mo gbé e mì, eruku àti bírò. Mo nu ẹnu. Mo wá ké "píìì!" lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, fìlà bọ́ lórí wọn.

Ṣùgbọ́n má sọ pé inú mi ti rọ̀ o. Mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù láti Mọ́ńdè, Alhaji kò tíì sọ "pẹ̀lẹ́" fún mi. Wọ́n gbé dísíìkì náà sókè àjà níbi tí ọwọ́ Ìyá kò lè dé, wọ́n wá yíjú padà: "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o!" Èmi ni wọ́n ń wò. Èmi!

Bá mi kí Bàbá àti Màmá. Sọ fún Àwáwù pé mo ti mọ ohùn kọ̀ǹpútà ṣe, màá ṣe é fún un. Bí o bá wálé fún ìtúnu ààwẹ̀, jọ̀wọ́, ya ọ̀dọ̀ Alhaji kí o bá mi bi wọ́n léèrè pẹ̀lẹ́ mi. Wọn yóò gbọ́ tìrẹ. Ìwọ kò mọ ohùn ẹnikẹ́ni ṣe.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò fọ nǹkan kan,
Àmúdà.