Má Yọ Àwọn Orúkọ Yẹn Kúrò

Broukro, Bouaké.
Ọjọ́ Àìkú.

Túnmiṣe, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ ní Abidjan? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ṣé òjò kò wọ yàrá rẹ mọ́? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà. Ara èmi le, àfi orúnkún. Mo kọ̀wé nítorí pé bí mo bá gbé fóònù, màá pariwo, ìwọ náà á sì pariwo.

O ní o máa yọ ohun tuntun tí o fi sínú ètò tí o ṣe, èyí tí a fi ń ya ọnà ara aṣọ lórí kọ̀ǹpútà, nítorí ẹkún tí mo sun sí ọ létí ní Ọjọ́rú. Mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà. Má yọ ọ́.

Nígbà tí o kọ́kọ́ fi í síbẹ̀, inú mi dùn. Mo kàn máa tẹ apá ọ̀tún máòsì lórí àmì ètò náà nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, orúkọ àwọn ọnà tí mo ṣí kẹ́yìn á sì tò jáde. N kò ní fi ojú mi yìí wá wọn kiri mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá ti ṣí ọnà mìíràn, orúkọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á pòórá. Mo rò pé ọnà náà ti parẹ́ nìyẹn. Ni mo bá ń ṣí gbogbo wọn láràárọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kankan má bàa sọnù. Lùkmọ́nù tí a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù sọ mí di yẹ̀yẹ́: "Bàbá Túnmiṣe, ẹ̀yin tíṣà, ta ni kò wá sí kíláàsì lónìí?"

Ní Ọjọ́rú, ẹni tí kò wá ni ọnà ọrùn agbádá tí Àtọ́kẹ́ ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà kó tó kú, èyí tí o bá wa gbé sínú kọ̀ǹpútà. Ìgbà náà ni mo pè ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Àlájì Sàbítù wọlé láti Diabo. Ọnà yẹn gan-an ló fẹ́ kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Mo ní kò sí mọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ Àtọ́kẹ́, ẹ sọ ọ́ nù?" Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. Lùkmọ́nù fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀: "Àlájì, ẹ jókòó ná. Bàbá, orúkọ ló kúrò níbẹ̀, ọnà kò kúrò nílé." Ó ṣí àpò tí o ń kó àwọn fáìlì wa sí nínú kọ̀ǹpútà. Ọnà ìyá rẹ wà níbẹ̀, àwọn yòókù náà wà. Àlájì tún bàtà rẹ̀ bọ́.

Mo ti pinnu. N kò ní gbé iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà yìí fún ẹlòmíràn, màá sì kọ́ nǹkan yìí títí yóò fi yé mi. Jẹ́ kí àwọn orúkọ yẹn dúró. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, gàdàgbà, pé orúkọ nìkan ló ń kúrò. Àwọn arúgbó bíi tèmi ń lo iṣẹ́ rẹ ní Botro, wọn kò sì ní Lùkmọ́nù. Kí o sì wá bí a ṣe lè so orúkọ ọnà ìyá rẹ mọ́ òkè, tí òmíràn kò ní lè tì í kúrò.

Títí o fi máa ṣe é, òun ni mo ṣì ń kọ́kọ́ ṣí láràárọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù pé ó máa sọnù mọ́. Mo kàn fẹ́ rí i ni.

Ọlọ́run á bá ọ pa ojú àti ọwọ́ rẹ mọ́. Iṣẹ́ rẹ kò ní sú ọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń dà ọ́ láàmú,
Oyèkàn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Àlájì sanra gan-an. Bí mo bá fẹ ọnà náà sí i, ṣé kò ní bàjẹ́? Má pè mí. Kọ̀wé.